Ìyẹ́ ń já lára adìẹ yín? Ẹ gbé e wò kí ẹ tó ra oògùn

Bí ìyẹ́ bá ń wọ́n lára adìẹ tí a ń sìn lẹ́yìnkùlé, ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé a ó gba ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta oògùn adìẹ lọ, a ó ra páúdà aláwọ̀ yẹ́lò kan, a ó pò ó sínú omi, a ó wá máa retí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ìdí adìẹ ṣì wà níhòòhò, owó ti lọ. Páúdà tí wọ́n ń pò sómi yẹn, kòkòrò àìsàn inú ara ló wà fún. Kì í mú ìyẹ́ hù, kì í pa iná (kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ń gbé ara adìẹ), ó sì máa ń bọ́ sínú ẹyin tí ẹ ó dín fún àwọn ọmọ yín ní àárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ibi tí ìyẹ́ ti já, àti ohun tó ṣẹ́kù síbẹ̀, ló máa ń sọ ohun tó já a. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tó ní adìẹ márùn-ún sí ọgbọ̀n nílé, ìbáà jẹ́ adìẹ ìbílẹ̀, Noiler, tàbí àwọn léyà pupa tó ń yé ẹyin.

Ohun tí ẹ ó kó sílẹ̀

Tọ́ọ̀ṣì tó mọ́lẹ̀ dáadáa (èyí tí wọ́n ń dè mọ́rí ló dára jù, kí ọwọ́ yín méjèèjì lè ráyè). Aṣọ funfun kan tí ẹ kò nílò mọ́. Táwẹ́ẹ̀lì àtijọ́ tí ẹ ó fi wé adìẹ tó bá ń jà. Àgò tàbí apẹ̀rẹ̀ ńlá tí ẹ lè fi dá adìẹ kan yà sọ́tọ̀. Bàsílíìnì. Ìwé àti báírò, tàbí fóònù tí ẹ ó fi ya fọ́tò, torí ẹ ó fẹ́ fi ti òní wé ti oṣù tó ń bọ̀. Bí ẹ bá ṣì ní àpò oúnjẹ wọn, ẹ gbé e sítòsí, a ó ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀.

Ẹ kò tíì nílò oògùn kankan.

Ìpele 1: Ẹ yọ àwọn tí nǹkan kan kò ṣe kúrò

Nínú adìẹ ìbílẹ̀ wa, abólọ́rùn wà tí ọrùn rẹ̀ kì í ní ìyẹ́ láti ìgbà tó ti jáde nínú ẹyin. Òpìpí wà, tí ìyẹ́ rẹ̀ kò pọ̀ rí. Aṣá wà, tí tirẹ̀ ká sókè. Inú ẹ̀jẹ̀ ni gbogbo ìyẹn ti wá, wọn kì í ṣe àìsàn. Kódà, ooru kì í tètè dá abólọ́rùn lágara bó ṣe ń dá àwọn tó kù. Bí àkùkọ àdúgbò bá ń fo ògiri wọlé yín, ó ṣeé ṣe kí òròmọdìẹ yín kan jáde bẹ́ẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀. Àmì rẹ̀ ni pé awọ ibẹ̀ mọ́ tónítóní, kò sí ọ̀pá ìyẹ́ tó kán níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe rí láti kékeré.

Adìẹ tí kò tíì pé oṣù márùn-ún náà, ẹ fi í sílẹ̀. Ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tó máa pààrọ̀ ìyẹ́ kí ó tó dàgbà, kò sì sí bí kò ṣe ní í rí jákujàku láàárín.

Èyí tó ń sàba ńkọ́? Ó máa ń fa ìyẹ́ àyà ara rẹ̀ tu kí ara rẹ̀ lè kan ẹyin fún ọjọ́ 21 tí yóò fi jókòó. Ìyẹn kò béèrè ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n ẹ má fò ó ní ìpele kẹrin, nítorí adìẹ tó ń sàba kì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè gbo ara nínú iyẹ̀pẹ̀, iná sì máa ń pọ̀ sí i lára.

Àwọn “old layer” tí ẹ rà ní oko ńlá nígbà tí wọ́n ń kó wọn tà ní owó pọ́ọ́kú wà lọ́tọ̀. Inú kéèjì onírin ni wọ́n ti gbé. Iwájú ọrùn wọn ti fi ara ha irin ibi tí wọ́n ti ń yọ orí jẹun, ìyẹ́ ibẹ̀ sì ti gé. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dé, kí ẹ má baà máa wá àìsàn tí kò sí.

*Àyẹ̀wò:* adìẹ tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn tí ẹ yọ àwọn wọ̀nyí ni iṣẹ́ wà lórí rẹ̀.

Ìpele 2: Ẹ gbé wọn lálẹ́, ẹ wo ibi tí ìyẹ́ ti lọ

Ẹ dúró di ìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú tán tí wọ́n ti wọ̀. Adìẹ tí ẹ lé káàkiri àgbàlá lọ́sàn-án yóò ti máa mí gule-gule kí ẹ tó bá a, ẹ kò sì ní rí nǹkan gidi. Ẹ ti ọwọ́ kan bọ abẹ́ àyà rẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì bọ́ sáàárín ìka yín, ẹ fi ọwọ́ kejì tẹ apá rẹ̀ mọ́ra, ẹ wá bẹ̀rẹ̀ láti orí.

Bí ó bá jẹ́ orí àti ọrùn ló kọ́kọ́ pá, tó wá ń sọ̀ kalẹ̀ sí àyà, ara, apá àti ìrù, tí ọ̀tún bá òsì dọ́gba, tí adìẹ náà sì ti lé ní ọdún kan, ó ń pààrọ̀ ìyẹ́ ni. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yìn orí, gbogbo ẹ̀yìn, àti ìhà méjèèjì níbi tí apá ti sopọ̀ mọ́ ara, àkùkọ ló ń gùn ún lágùnjù. Òkè ìrù tàbí ìdí nìkan: àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń tu ú, tàbí kòkòrò wà níbẹ̀. Bí orí nìkan bá pá, ẹ wo etí ojú àti ogbe dáadáa. Kòkòrò dúdú kan wà tó máa ń lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ gbọingbọin, bí ẹ bá fi ọwọ́ gbá a kò ní í kúrò.

Kí ẹ tó gbé e sílẹ̀, ẹ fi ìka tẹ eegun àárín àyà rẹ̀. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Bí eegun náà bá mú ṣámúṣámú bí ẹ̀yìn ọ̀bẹ, tí ẹran kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ebi, aràn tàbí àìsàn ti wà níbẹ̀ ṣáájú ọ̀rọ̀ ìyẹ́.

*Ibi tí a ti ń ṣìnà:* a máa ń gbé èyí tó pá jù nìkan wò. Ẹ gbé mẹ́ta mìíràn ó kéré tán, kí èyí tí ìyẹ́ rẹ̀ pé pérépéré wà lára wọn. Nínú agbo tí gbogbo ẹ̀yìn ti pá, ẹyọ kan tó ń dán yẹn ni kí ẹ fura sí.

*Àyẹ̀wò:* ẹ ní ìlà kan nínú ìwé fún adìẹ kọ̀ọ̀kan: ibi tó pá, ọjọ́ orí rẹ̀, bóyá ó ṣì ń yé, bí àyà rẹ̀ ṣe rí.

Ìpele 3: Ẹ wo ohun tó ṣẹ́kù lójú ihò ìyẹ́

Ìpele yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fò, òun gan-an ló sì máa ń yanjú ọ̀rọ̀. Ẹ sún tọ́ọ̀ṣì mọ́ awọ ibi tó pá. Ọ̀kan nínú márùn-ún yìí ni ẹ ó rí.

Ìyẹ́ tuntun tó yọ ṣóńṣó, tó ṣì wà nínú àpò tẹ́ẹ́rẹ́, tí ìdí rẹ̀ dúdú díẹ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀. Ara rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ohun tó já ìyẹ́ àkọ́kọ́ ti kásẹ̀ nílẹ̀, tàbí kó jẹ́ pé ìpààrọ̀ ìyẹ́ ni látilẹ̀wá. Ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́, ó ń dùn wọ́n. Bí ọ̀kan bá kán tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ibẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ á fi dá, kí ẹ sì dá adìẹ náà yà, torí bí àwọn yòókù bá rí pupa, wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu ṣá a.

Ọ̀pá ìyẹ́ tó kán, tí kùkùté rẹ̀ ṣì wà nínú awọ. Irin, àkùkọ tàbí ẹnu adìẹ mìíràn ló gé e.

Ihò lásán, tí awọ rẹ̀ ń dán. Wọ́n fà á tu tìdítìdí.

Ìdí ọ̀pá ìyẹ́ tí nǹkan funfun tàbí àwọ̀ eérú dì mọ́ gírígírí bíi pé wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Ẹyin iná nìyẹn.

Awọ tó pupa, tó nípọn, tó ń ṣí pẹ́pẹ́, tí ìyẹ́ etí rẹ̀ sì ń tú bí ẹ bá kàn fà á díẹ̀. Kòkòrò tó ń gbẹ́ inú awọ ló wà níbẹ̀, ojú lásán kò lè rí i.

Ẹ fara balẹ̀ lórí ìyàtọ̀ tó wà láàárín èyí tó kán àti èyí tí wọ́n fà tu. Ìyẹ́ tí wọ́n fà tu tìdítìdí, ihò rẹ̀ yóò tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìpẹ́, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ìyẹ́ tuntun á ti bò ó. Ṣùgbọ́n èyí tó kán, níwọ̀n ìgbà tí kùkùté ṣì dí ojú ihò, kò sí ohun tó máa hù níbẹ̀ títí adìẹ náà yóò fi pààrọ̀ ìyẹ́ fúnra rẹ̀. Ó lè tó oṣù mélòó kan. Mo ti rí ẹni tó pa àkùkọ rẹ̀, tó yí oúnjẹ padà, tó tún ra oògùn lẹ́ẹ̀mẹta, tó ń sọ pé “kò ṣiṣẹ́”, nígbà tó jẹ́ pé ọjọ́ tí àkùkọ ti wọ ìkòkò ni ọ̀ràn ti parí. Kùkùté ló ń wò. Ẹ má sì fi ọwọ́ fa kùkùté náà yọ láti mú kí ó yá. Awọ lè ya.

*Àyẹ̀wò:* ẹ lè fi ẹnu sọ ọ́ ní gbólóhùn kan, fún àpẹẹrẹ: “Èyí tó pupa, ẹ̀yìn rẹ̀ pá, ọ̀pá kán, kò sí ẹyin iná.” Bí ẹ kò bá lè sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ padà gbé e.

Ìpele 4: Ẹ wá kòkòrò lára wọn, kí ẹ sì wá a nínú ilé wọn

Ibi méjì ni o. Ẹni tó wo ara adìẹ nìkan ti wo ìdajì.

Lára: ẹ dojú adìẹ délẹ̀ lórí ẹsẹ̀ yín, ẹ tanná sí abẹ́ ihò ìdí rẹ̀, ẹ ya ìyẹ́ ibẹ̀ sọ́tọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kíá. Iná adìẹ jẹ́ aláwọ̀ koríko gbígbẹ, ó gùn tó mìlímítà méjì sí mẹ́ta, ó sì máa ń sá fún ìmọ́lẹ̀. Bí ẹ bá ń ṣe é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, yóò ti sá lọ kí ẹ tó rí i. Ẹ wo abẹ́ apá náà. Bí ìyẹ́ ìdí bá dúdú, tó dọ̀tí láìjẹ́ pé ìgbẹ́ ló lẹ̀ mọ́ ọn, tí nǹkan wẹ́wẹ́ sì ń rìn gun ọwọ́ yín, irú kòkòrò tó ń mu ẹ̀jẹ̀ tọ̀sán-tòru lára adìẹ nìyẹn.

Nínú ilé: kòkòrò pupa wà tó jẹ́ pé òru nìkan ló ń jáde wá mu ẹ̀jẹ̀. Lọ́sàn-án, inú ìlà igi, abẹ́ ìtẹ́ ẹyin àti inú ọparun tó là ló ń sá sí. Ọ̀pọ̀ wa ló ń fi ọparun ṣe igi ìwọ̀ adìẹ, ibùgbé tó wu kòkòrò yìí jù sì nìyẹn. Ní nǹkan bíi wákàtí méjì lẹ́yìn tí ilẹ̀ ṣú, ẹ fi aṣọ funfun yẹn nu abẹ́ igi ìwọ̀ láti ìkángun dé ìkángun. Bí ẹ̀jẹ̀ bá fa ìlà pupa sára aṣọ, ẹ ti rí ọ̀tá. Ó tún lè jẹ́ àwọn ọmọ tó ń kó ẹyin ló máa kọ́kọ́ sọ fún yín pé ara ń yún wọn.

*Ibi tí a ti ń ṣìnà:* a wo adìẹ lọ́sàn-án, a kò rí nǹkan, a ní kò sí kòkòrò. Èyí tó ń gbé inú igi kì í sí lára adìẹ lọ́sàn-án.

*Àyẹ̀wò:* òru méjì tẹ̀léra, aṣọ mọ́, ìdí àti abẹ́ apá adìẹ mẹ́rin mọ́. Ìgbà yẹn ni ẹ tó lè fi ọ̀rọ̀ kòkòrò sílẹ̀.

Ìpele 5: Ẹ jókòó tì wọ́n

Ẹ gbé àpótí jókòó sí ibi tí wọn kò ní fi yín ṣe, ní ìgbà tí ẹ da oúnjẹ sílẹ̀ àti nírọ̀lẹ́ kí wọ́n tó wọ̀. Ìdajì wákàtí tó. Ta ló ń lé ta kúrò nídìí oúnjẹ? Ta ló ń rìn wá láti ẹ̀yìn, tó fa ìyẹ́ kan tu, tó sì gbé e mì? Adìẹ tó ń jẹ ìyẹ́ ń wá nǹkan tí oúnjẹ rẹ̀ kò ní. Àkùkọ yín ńkọ́, gbogbo wọn ló ń gùn, àbí ẹyọ méjì tó fẹ́ràn jù?

Ìpele 6: Ẹ ṣe ohun tó bá ohun tí ẹ rí mu

*Bí ó bá ń pààrọ̀ ìyẹ́.* Fún ọ̀pọ̀ léyà, oṣù 15 sí 18 ni èyí tó pọ̀ máa ń kọ́kọ́ dé, ó sì máa ń gba ọ̀sẹ̀ 8 sí 12. Ní ilẹ̀ òkèèrè, bí ọjọ́ bá ti ń kúrú ni gbogbo agbo máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Níbí, tí ọ̀sán àti òru kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ jálẹ̀ ọdún, ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn lè bẹ̀rẹ̀ nígbà tirẹ̀, ọjọ́ tí wọn kò rí omi mu tàbí tí wọ́n kó wọn lọ ilé tuntun sì lè tì í síta. Ẹyin yóò dúró tàbí kí ó dín kù púpọ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ níbí ni pé “kò yé, kí ló ń jẹun fún?”, a sì gé oúnjẹ rẹ̀ kù. Bẹ́ẹ̀, ohun tó tó ìdá 85 nínú 100 ìyẹ́ jẹ́ purotéènì. Ìgbà tó nílò oúnjẹ gidi jù nìyẹn. Ẹ má máa gbé e kiri, ẹ má kó adìẹ tuntun wọ inú agbo lásìkò náà, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ jẹ́ẹ́.

*Bí ó bá jẹ́ oúnjẹ.* Ẹ wo ara àpò: oúnjẹ léyà yẹ kí ó ní purotéènì ìdá 16 tàbí 17 nínú 100. Bí ẹ bá wá ń fi èérí ọkà bù ú kún kí ó lè pẹ́, ohun tí wọ́n kọ sára àpò kọ́ ni adìẹ yín ń jẹ mọ́. Ẹ dín àbùlà náà kù. Ẹ lè fi ìdin, ikán, edé lílọ̀ tàbí ẹ̀wà sóyà kún un, ṣùgbọ́n ẹ yan sóyà náà kí ẹ tó lọ̀ ọ́, torí tútù rẹ̀ kì í jẹ́ kí wọ́n rí purotéènì inú oúnjẹ lò dáadáa. Kúlíkúlí tó bu, ẹ dà á nù, májèlé ni. Ẹni tó ń po oúnjẹ fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbàgbé iyọ̀: gírámù 250 sí 350 nínú kílò 100. Àìsí iyọ̀ máa ń mú kí wọ́n máa tu ara wọn jẹ; àpọ̀jù rẹ̀ sì ń pa wọ́n, nítorí náà ẹ fi ìwọ̀n wọ̀n ọ́, ẹ má bù ú lọ́wọ́.

*Bí wọ́n bá ń tu ara wọn.* Ẹ kọ́kọ́ gbé èyí tí ara rẹ̀ ti bó sínú àgò, ẹ fi omi iyọ̀ fọ ojú egbò, kí ẹ sì máa wò ó lójoojúmọ́ kí eṣinṣin má baà yé sí i. Lẹ́yìn náà ẹ gbé ẹni tó ń tu wọ́n kúrò níbẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Bó bá fi máa padà, ipò rẹ̀ láàárín wọn yóò ti wálẹ̀. Ẹ wọn ilé wọn: ẹsẹ̀ bàtà méjì ní gígùn àti méjì ní ìbú ni kí adìẹ kan ní, ó kéré tán, láìka àgbàlá tí wọ́n ń jáde sí. Ẹ fi igbá oúnjẹ kan kún un kí ẹni tí wọ́n ń lé lè rí ibòmíràn jẹ. Ẹ so ìdì tẹ̀tẹ̀ tàbí gbúre mọ́ okùn, kí ó wà lókè orí wọn díẹ̀, kí ẹnu wọn lè rí iṣẹ́ ṣe.

*Bí ó bá jẹ́ àkùkọ.* Ọ̀kan sí abo mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá ló tọ́. Ẹni tó ní abo mẹ́rin àti àkùkọ méjì mọ ohun tó yẹ kí ó ṣe, ọdún kò jìnnà. Bí ẹ kò bá fẹ́ pa á, ẹ máa tì í mọ́ fún ọjọ́ díẹ̀ lọ́sẹ̀, tàbí kí ẹ gé jíìnsì àtijọ́ kan, kí ẹ fi rọ́bà so ó mọ́ ìdí apá abo náà kí ó bo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ máa yẹ abẹ́ aṣọ náà wò, iná fẹ́ràn ibẹ̀.

*Bí ó bá jẹ́ iná tàbí kòkòrò ara.* Ẹ ra páúdà apakòkòrò tí wọ́n kọ permethrin sára rẹ̀, tí wọ́n sì kọ pé ó ṣeé lò fún adìẹ. Ẹ dé ẹnu àti imú yín, ẹ fọ́n ọn sí ìdí, abẹ́ apá àti ọrùn, kí ó wọlé kan awọ, kí ó má kan ojú wọn. Gbogbo agbo lọ́jọ́ kan náà. Páúdà kì í pa ẹyin iná, nítorí náà ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ 7 sí 10. Ẹ̀ẹ̀kejì yìí ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé, tí iná sì tún fi ń padà. Ẹ gé ìyẹ́ tí ẹyin dì mọ́, ẹ sun ún. Ẹ wá gbé táyà àtijọ́ kan sílẹ̀ lábẹ́ òrùlé, ẹ da iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ àti eérú igi sínú rẹ̀ kí wọ́n máa gbo ara. Kí òjò má kàn án o, eérú tó tutù máa ń jó awọ.

*Bí ó bá jẹ́ èyí tó ń gbé inú igi.* Ilé ni ẹ ó tọ́jú. Ẹ kó gbogbo ohun tí ẹ tẹ́ sílẹ̀ jáde, ẹ sun ún. Ẹ da omi híhó sí gbogbo ìlà igi, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, kí ẹ tó fọ́n páúdà. Ọparun tó ti là, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sí igi tó dán. Ẹ fi bàsílíìnì kun ìkángun igi ìwọ̀ méjèèjì, kí ẹ sì tún gbogbo rẹ̀ ṣe lẹ́yìn ọjọ́ 5 sí 7. Ẹ má rò pé bí ẹ bá kó adìẹ kúrò fún ọ̀sẹ̀ méjì, ebi yóò pa á. Ó lè gbé oṣù púpọ̀ láìrí ẹ̀jẹ̀ mu.

*Ìkìlọ̀ tó ju gbogbo rẹ̀ lọ:* ẹ má fi ọta-pia-pia, DDVP (oògùn apakòkòrò tó wà nínú Sniper), kẹrosíìnì tàbí óìlì dúdú ọkọ̀ ra adìẹ lára. Mo mọ̀ pé wọ́n ń ṣe é, wọ́n sì máa ń sọ pé “ó yá”. DDVP ń gba awọ wọlé, ó ń pa adìẹ, ó sì ń pa ẹni tó ń fín in. Ní 2019 ni NAFDAC (àjọ ìjọba tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn) fòfin de títa ìgò rẹ̀ kéékèèké.

*Àyẹ̀wò:* ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ tún fi aṣọ funfun nu abẹ́ igi ìwọ̀, ẹ tún tan tọ́ọ̀ṣì sí ìdí wọn, kí ẹ sì fi fọ́tò wé fọ́tò. Ibi tí wọ́n ti fà tu yẹ kí ó ti ní ìyẹ́ ṣóńṣó. Ibi tí kùkùté wà, ohun tí ẹ ń retí ni pé kí ibẹ̀ má fẹ̀ sí i.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ pe dókítà ẹran

Bí ihò ìyẹ́ bá wú kókókó, bí ẹsẹ̀ tàbí apá kan bá rọ, bí àyà bá ń gbẹ bó tilẹ̀ ń jẹun, bí awọ bá ń ṣí pẹ́pẹ́ gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ ní ìpele kẹta. Kòkòrò tó ń gbẹ́ inú awọ yẹn gba oògùn tó jẹ́ pé dókítà ló gbọdọ̀ wọn ìwọ̀n rẹ̀, tí yóò sì sọ iye ọjọ́ tí ẹ kò gbọdọ̀ fi jẹ ẹyin wọn. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ gbé adìẹ náà gan-an dání, kì í ṣe fọ́tò rẹ̀ nìkan. Ẹ fi ọ̀rá wé ìyẹ́ mélòó kan tó já, ẹ bu oúnjẹ wọn díẹ̀, kí ẹ sì mú ìwé tí ẹ kọ ní ìpele kejì lọ́wọ́.